Garawa Tí Bàbá Ta Nípàá

Bí a ti ń ṣa ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ fún ìwé àjọ̀dún yìí, ọkàn mi padà sí ìtàn kan tí ọmọkùnrin kan fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ní kíláàsì mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ikú bàbá ni ó kọ nípa rẹ̀. Ó dára títí ó fi dé ibi tí ó kọ pé, "My father kicked the bucket." Bí ó ti kà á sókè, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jókòó, kò sì ka èyí tó kù. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé bàbá òun gan-an ni ó ń ṣọ̀fọ̀.

Èmi ni mo jẹ̀bi. "Kú" nìkan ni mo kọ síwájú àkànlò èdè yẹn nínú iṣẹ́ tí mo fún wọn. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ àwàdà ni, tí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà lò fún òkú olólùfẹ́ rẹ̀. Àwa tí à ń sọ pé ọba wàjà, tí à ń sọ pé àgbà ìjọ sùn nínú Olúwa, ó yẹ kí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ tètè yé wa.

"Bite the bullet" kò pa ẹnikẹ́ni; ẹni tó fara da ìnira láìbojúwẹ̀yìn ni à ń sọ ọ́ fún. Síbẹ̀ mo ti rí sójà kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn, tí wọ́n sì sin ín ní ojú ewé kejì! "Bite the dust" ni òǹkọ̀wé ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí náà ti ní yẹ̀yẹ́ díẹ̀ nínú lóde òní. "Bury the hatchet" tún wà, tí a fà yọ láti inú àṣà àwọn onílẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń ri ohun ìjà mọ́lẹ̀ bí àlàáfíà bá dé. Ìjà parí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi àáké pa ènìyàn ní orí kìíní ìtàn, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wá "bury the hatchet" ní orí kejì, òǹkàwé yóò rò pé ẹ̀rí ni wọ́n ń fi pamọ́.

Ebi ń pa wá, ẹ̀rín ń pa wá lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó ń gbẹ́ sàréè, nítorí inú èdè náà ni a bí wa sí. A kò bí ọ̀pọ̀ wa sínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun fífi àkànlò èdè ṣe àkọ́sórí. Kí ọmọ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń sọ ọ́, àti ẹni tí ó ń sọ ọ́ nípa rẹ̀. Awakọ̀ aláwàdà nínú ìtàn lè sọ pé ọ̀gá òun "kicked the bucket". Fún ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀, "died" ti tó.