Ìdí tí sweet corn kò fi lè di ògì

Ọ̀rọ̀ àgbàdo ni mo gbé wá lóṣù yìí.

Níbí ní Peckham, “corn” ni àwọn ọmọ wa ń pe gbogbo ẹ̀: ti inú agolo, ti orí iná, ọ̀kan náà ni lójú wọn. Àmọ́ ẹ rẹ sweet corn, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ ò ní rí ògì gidi níbẹ̀. Sítáàṣì ló ń di ògì. Sweet corn ní jíìnì kan tó yí padà, tí kì í jẹ́ kí ṣúgà inú hóró di sítáàṣì bó ṣe yẹ. Ìyẹn ló fi dùn. Ìyẹn náà ló fi máa ń hunjọ tó bá gbẹ, tí irúgbìn ẹ̀ sì máa ń tètè jẹrà nínú ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọgbà, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ móoru kẹ́ ẹ tó gbìn ín.

Àmọ́ adùn nìkan kò tó. Àgbàdo tí àrùn bá pa, kò ní dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kan Ìbàdàn.

Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá sílẹ̀ Áfríkà. Ní 1949, àrùn ìpẹtà kan tó ti ń bá a gbé lọ́hùn-ún yọjú ní Sierra Leone. Àgbàdo tiwa ò mọ̀ ọ́n rí, kò sì ní ààbò. Kò pẹ́ tó fi gba gbogbo agbègbè wa. Moor Plantation ní Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n fi irúgbìn tó lè dúró dè é láti Amẹ́ríkà ṣe àdàpọ̀ pẹ̀lú tiwa.

Èkejì, ilẹ̀ Áfríkà ló ni ín: fáírọ́ọ̀sì tó ń fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ewé àgbàdo. Kòkòrò kékeré tó ń fò, Cicadulina, ló ń gbé e kiri. Tó bá mú àgbàdo ní kékeré, ó lè má yọ ṣùkù rárá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í wá lọ́dọọdún. Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó lágbára, àti èyí tó kàn rí orí ire? Àwọn onímọ̀ IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, wá sin kòkòrò yẹn fúnra wọn, wọ́n jẹ́ kó jẹ ewé tó lárùn, wọ́n sì tú u sórí àgbàdo kékeré. Èyí tó bá yè é ni wọ́n mú, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibẹ̀ ni irúgbìn TZSR ti wá. Ní 1986, wọ́n gba ẹ̀bùn King Baudouin fún iṣẹ́ náà. Níbi iṣẹ́ tèmi náà, bá a bá fẹ́ mọ̀ bóyá sọ́fítíwíà lágbára, àwa fúnra wa la kọ́kọ́ máa ń gbìyànjú láti bà á jẹ́.

Ẹ wá wò ó: tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí sweet corn ilẹ̀ tútù ní ààbò yẹn, ẹ lè fi ti Ìbàdàn gbà á. Hóró àkọ́kọ́ kò ní dùn rárá, torí bàbá àti ìyá méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fún un ní jíìnì adùn. Àmọ́ ẹ gbìn wọ́n, kí wọ́n gba ara wọn: nínú hóró mẹ́rin, bí ọ̀kan á tún dùn. Kò sọnù, ó sá pamọ́ ni.

Mi ò sọ pé bí èdè ṣe rí nìyẹn o. Èdè ò sí nínú ẹ̀jẹ̀. Kíkọ́ ni, èmi náà ti dàgbà kí n tó kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ sọ ìtàn yìí fọ́mọ lédè wa. Àwọn ọmọ wa ń dàgbà pẹ̀lú èrò pé ibòmíì ni sáyẹ́ǹsì ti ń wá bá Áfríkà. Ẹ ra àgbàdo tútù kan, ẹ jọ bó o: háhá rèé, irun rèé, hóró rèé, ṣùkù rèé. Kẹ́ ẹ wá sọ ohun tí wọ́n ṣe n’Ìbàdàn fún un.