Ẹ̀fọ́ Òjò fún Ọbẹ̀ Ẹ̀ẹ̀rùn

Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, tí ilẹ̀ sì ti mu omi yó, kò sí ohun tí ó pọ̀ lọ́jà bí ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewédú, úgú àti ilá a máa kún orí àtẹ bámúbámú, àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ a sì máa pe oníbàárà títí ohùn wọn yóò fi há. Ìdì ńlá kì í wọ́n nígbà náà, nítorí pé ẹni tí ó gbé e wá mọ̀ pé bí òun kò bá tà á kí ilẹ̀ tó ṣú, ewúrẹ́ ni yóò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọyẹ́ dé, kí odò fà, kí ó wá ku kìkì àwọn tí ń bomi rin oko létí àbàtà lẹ́nu iṣẹ́: ìdì yóò kéré, owó yóò pọ̀, ewé náà yóò sì ti rọ kí ó tó délé. Báyìí ni ilé kan náà ṣe ń da ẹ̀fọ́ nù ní oṣù kẹfà, tí ó sì ń fi ọbẹ̀ ata lásán jẹ òkèlè ní oṣù kejì.

Kì í ṣe pé àwọn àgbà ayé àtijọ́ kò wá nǹkan kan ṣe sí ọ̀ràn yìí. Àwọn tí ó ń wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, kò lè ṣàì ronú nípa oúnjẹ ọ̀la. Wọ́n a máa rẹ́ ilá, wọ́n a sì máa sá a sóòrùn títí yóò fi di orúnlá. Wọ́n a máa sá ewédú àti ewúro pẹ̀lú. Orúnlá ní iyì tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń fi ojú ọbẹ̀ tálákà wò ó, kò tíì jẹ èyí tí ọwọ́ ìyá tí ó mọ ọbẹ̀ sè. Síbẹ̀, adùn orúnlá yàtọ̀ sí adùn ilá tútù, oòrùn gangan a sì máa gba púpọ̀ lára oore tí ó wà nínú ewé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀fọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ àti ìtọ́wò rẹ̀ yóò súnmọ́ ti ọjọ́ tí a já a, òtútù ni yóò bá mulẹ̀.

Fíríìjì àti fìrísà kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ ní ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ọ̀pọ̀ nínú wọn, kí ni a ó bá níbẹ̀? Omi tútù, ẹran, ọbẹ̀ àná, àti ẹja tí àwọn ará ọjà ń pè ní òkú Èkó. Ẹ̀fọ́ kò sí níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ dán an wò, bí ó ti rà á bọ̀ láti ọjà ni yóò rọ́ ọ sínú ọ̀rá, tí yóò sì jù ú sínú yìnyín. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ó yọ ọ́, ó bá a tí àwọ̀ rẹ̀ ti pàdà, tí ó ń rùn bí koríko tí a kó jọ sójú kan. Ó wá kéde fún gbogbo àdúgbò pé fìrísà kò bá ẹ̀fọ́ rẹ́. Ẹjọ́ kì í ṣe ti fìrísà. Omi gbígbóná ni kò jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ kí ó tó pe omi dídì.

Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti lóye. Ewé tí a já kò tíì kú. Ó ń mí síbẹ̀, ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́ńsáìmù, èyí tí ó ń bá a ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè nígbà tí ó wà lórí ìtàkùn tàbí lórí igi rẹ̀. Nígbà tí a bá já ewé náà tán, ẹ́ńsáìmù yìí kan náà ni í máa ba àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀ àti fítámì inú rẹ̀ jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí tú ilé nígbà tí olówó rẹ̀ kú. Òtútù a máa mú iṣẹ́ rẹ̀ falẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dá a dúró pátápátá. Omi híhó ni ó lágbára rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe gbọ́dọ̀ bọ ẹ̀fọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó tó wọ inú yìnyín.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti kíákíá. Nínú ìdá mẹ́wàá ewé tútù, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án ni ó jẹ́ omi. Bí omi náà bá ń dì díẹ̀díẹ̀, hóró yìnyín inú rẹ̀ yóò tóbi, yóò sì gún ara ewé já. Bí ó bá dì kíákíá, hóró náà yóò kéré, ìpalára rẹ̀ yóò sì mọ níwọ̀n. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Clarence Birdseye, ni ó sọ òye yìí di òwò. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní Labrador, ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1912 sí 1915, ó sì rí àwọn ará Inuit tí wọ́n ń fa ẹja yọ láti inú omi, tí òtútù ń mú un dì gbọingbọin lójú ẹsẹ̀, tí ẹja náà sì ń dùn bíi tuntun nígbà tí wọ́n bá sè é lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Ní ọdún 1930, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta oúnjẹ tí a mú dì ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹ̀fọ́ òyìnbó tí à ń pè ní spinach sì wà lára wọn. Ọgbọ́n ará Inuit ni, àwọn ilé ìtajà òyìnbó ni ó sì jèrè rẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ láyé.

Ní ti iṣẹ́ náà gan-an, àgbà obìnrin tí ó ń se ẹ̀fọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ ti mọ ìdajì rẹ̀. Ewé tí a bá fẹ́ tọ́jú gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a já lọ́jọ́ náà, nítorí pé òtútù kì í sọ ewé gbígbó di ọ̀dọ́. A ó ṣa èyí tí ó ti pọ́n àti èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, a ó sì fọ ìyókù títí yanrìn yóò fi tán nídìí abọ́. Ìkòkò ńlá ni kí a gbé kaná, kí omi inú rẹ̀ tó nǹkan bíi lítà 4 fún ààbọ̀ kílò ewé. Ìkòkò kékeré ni ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù: bí ewé bá ti pọ̀ jù fún omi, omi yóò dákẹ́ híhó, ewé yóò sì máa jinná níbi tí a kò rán an. Láti ìgbà tí omi bá ti tún bẹ̀rẹ̀ sí hó, ìṣẹ́jú 2 tó fún ewé rírọ̀ bíi tẹ̀tẹ̀. Èyí tí ó bá le díẹ̀ lè gbà tó 3. Ilá kékeré a máa gba ìṣẹ́jú 3, èyí tí ó tóbi a máa gba 4, ṣùgbọ́n odidi ni kí a bọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá gé e kí ó tó bọ̀ ọ́, inú omi ni yóò ti rí gbogbo ohun tí ìbá fà nínú ọbẹ̀ rẹ̀.

Bí a bá ti gbé e kúrò nínú omi gbígbóná, inú omi tútù tí ó ní yìnyín ni kí ó bọ́ sí tààrà, kí ó sì pẹ́ níbẹ̀ tó bí ó ti pẹ́ nínú omi gbígbóná. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú. Wọ́n a gbé ewé sínú ajere, wọ́n a sì lọ jókòó, wọn kò mọ̀ pé ooru inú rẹ̀ ṣì ń sè é lọ. Nígbà tí ó bá tutù tán, kí a fún omi rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí a pín in sí ìwọ̀n ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ nínú ọ̀rá, kí a tẹ afẹ́fẹ́ jáde, kí a so ó, kí a sì kọ ọjọ́ sí i lára. Pẹlẹbẹ ni kí ó jẹ́, kì í ṣe róbótó, kí òtútù lè tètè dé àárín rẹ̀. Nínú fìrísà tí òtútù rẹ̀ dé ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo, yóò wà ní rere fún oṣù 8 sí 12. Ihò yìnyín kékeré tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọ́ ibẹ̀ kò yẹ kí ó ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ.

Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ gbọ́ èyí rárá. Wọ́n ní ẹ̀fọ́ inú yìnyín ti kú, wọ́n ní oúnjẹ ọ̀lẹ ni, wọ́n sì ní omi tí a fi bọ̀ ọ́ ti gba gbogbo oore rẹ̀ lọ. Òtítọ́ ni pé fítámì C a máa yòrò sínú omi, ooru a sì máa dín in kù. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe àròyé yìí, báwo ni wọ́n ṣe ń se ẹ̀fọ́ nílé wọn? Wọ́n a bọ̀ ọ́ títí, wọ́n a fún un gbẹ bí ẹni fún aṣọ, wọ́n a da omi rẹ̀ nù. Àwọn mìíràn a sì tún fi káún sí i kí ó lè tutù lójú, bẹ́ẹ̀ káún a máa ba fítámì jẹ́. Ìṣẹ́jú 2 nínú omi kò burú tó èyí. Ohun tí ó wà nínú ewé tútù tí ara ń sọ di fítámì A, èyí tí ojú ọmọdé nílò, kì í tètè bá omi lọ. Ìdì ẹ̀fọ́ tí ó ti wà lórí àtẹ fún ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn ni kí wọ́n máa pè ní òkú.

Bákan náà, àléébù ńlá tí yìnyín ní, èyí tí í mú ewé rọ jọ̀wọ̀lọ̀ nígbà tí ó bá yọ́, kò ṣe ọbẹ̀ Yorùbá ní ohun kan. Àwọn tí ń jẹ ewé ní tútù ni ó yẹ kí ó dùn. Ta ni ó ń retí kí ẹ̀fọ́ rírò máa ró kàkà lẹ́nu? Ìkòkò yóò ṣe sí i ní ìṣẹ́jú márùn-ún ohun tí yìnyín ti bá a ṣe sílẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti mọ èyí tipẹ́. Ilé ìtajà àwọn Lárúbáwá ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ra ewédú tí a ti mú dì. Molokhia ni àwọn ará Íjíbítì ń pè é, ewé kan náà sì ni. Wọ́n ń fi jẹ àmàlà, wọn kò sì bi í léèrè orúkọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó le, ìyẹn ni ti iná mànàmáná. Bí iná bá lọ, fìrísà tí ó kún dáadáa lè pa òtútù rẹ̀ mọ́ fún nǹkan bíi wákàtí 48 bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí i. Èyí tí ó kún dé ìdajì kò lè ju wákàtí 24 lọ. Bí hóró yìnyín bá ṣì wà lára ẹ̀fọ́ nígbà tí iná dé, ó ṣeé mú dì padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ́ tán, tí ó sì ti lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí díẹ̀, kí a dà á nù, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Òtútù kì í pa kòkòrò àìfojúrí. Ó kàn ń mú wọn sùn ni, nígbà tí wọ́n bá sì jí, ebi a ti pa wọ́n. Ẹni tí ó bá sè é fún ọmọ nítorí àìfẹ́ kí owó ṣòfò, ilé ìwòsàn ni yóò lọ ná owó náà sí.

Nítorí náà, ilé tí iná rẹ̀ kò ju wákàtí díẹ̀ lọ lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ ra fìrísà nítorí ẹ̀fọ́. Epo tí jẹnẹrétọ̀ yóò mu yóò ju owó ẹ̀fọ́ náà lọ. Kí irú ilé bẹ́ẹ̀ sá ewé rẹ̀, abẹ́ òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí sì ni kí ó ti sá a, nítorí pé oòrùn gangan ni í ba fítámì inú ewé jẹ́ jù. Fún ẹ̀fọ́ ọjọ́ díẹ̀, ìkòkò amọ̀ tún wà. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa tí àwọn ẹbí rẹ̀ jẹ́ amọ̀kòkò, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí tan ọgbọ́n yìí kálẹ̀ ní ọdún 1995: ìkòkò kékeré nínú ìkòkò ńlá, yanrìn tútù láàárín méjèèjì, aṣọ tútù lórí. Bí omi yanrìn ti ń gbẹ lọ ni inú ìkòkò ń tutù. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ó ń ràn án lọ́wọ́, nítorí náà yóò ṣiṣẹ́ ní Ṣakí tàbí ní Ìlọrin lásìkò ọyẹ́ ju bí yóò ti ṣiṣẹ́ ní Èkó nígbà òjò lọ.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá dé, kí ẹni tí ó ní ẹ̀fọ́ nínú fìrísà má ṣe gbé e kalẹ̀ kí ó máa yọ́ láti àárọ̀. Kí ó kọ́kọ́ din ata, kí ó fi irú àti ẹja gbígbẹ sí i, kí epo hó dáadáa, nígbà náà ni kí ó tó ya ọ̀rá, kí ó sì da ẹ̀fọ́ náà sínú ìkòkò pẹ̀lú yìnyín lára rẹ̀.