Dókítà Kan fún Igbó Irúnmalẹ̀

Ọmọ ọmọ mi ka ìtàn kan fún mi lórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Dókítà òde òní kan ṣàdédé bá ara rẹ̀ ní ayé àwọn oṣó. Ó gbọ́wọ́ sókè, ojú ọgbẹ́ pa dé. Ó sọ̀rọ̀ kan, ibà lọ. Inú ọmọ ń dùn. Inú tèmi bàjẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Bí dókítà bá ti di oṣó, kí la tún fẹ́ fi dókítà ṣe nínú ìtàn?

Àwa náà kúkú ní irú ayé bẹ́ẹ̀. Láti 1938 ni òǹkọ̀wé Fágúnwà ti fi ìwé rẹ̀ nípa Igbó Irúnmalẹ̀, igbó àwọn iwin, sílẹ̀ fún wa. Ẹ wo àwọn tó bá ọdẹ inú ìwé náà, Àkàrà-oògùn, lọ sí Òkè Lángbòdó: Kàkó ní kùmọ̀, Olóhùn-iyọ̀ ní orin, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Kò sí dókítà láàárín wọn. Mo fẹ́ kí ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé kan fi ọ̀kan kún wọn, kó má sì fún un lóògùn abẹnugọ̀ǹgọ̀ kankan. Ọṣẹ, omi, iyọ̀ àti ṣúgà tó o. Kó sì fetí sí àwọn tó bá níbẹ̀. Nígbà tí Dókítà Lambo, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó sì jẹ́ kí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé. Síbẹ̀, dókítà ló ń jẹ́.

Ká ní ọmọ iwin kan ń yàgbẹ́ gbuuru. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ẹ fa awọ ikùn rẹ̀, kò tètè padà. Ìyá rẹ̀ ń fi gbogbo orí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sunkún. Dókítà wa á fọwọ́, á se omi, á jẹ́ kó tutù. Lítà kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, iyọ̀ àpọ̀jù lè pa ọmọ. Ṣíbí kan, ó dúró. Ọmọ bì í. Ó sinmi díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, á gbé ṣíbí lé ìyá lọ́wọ́, á ní, "Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, Ìyá, mo wà níbí."

Mo mọ irú òru yẹn. Ohun kan ṣoṣo là ń retí. Ní ìdájí, ìyá á fọwọ́ kan aṣọ tó tẹ́ sábẹ́ ọmọ, á bá a pé ó ti tutù. Ọmọ ti tọ̀.