Aago tó ń pariwo lásán kì í gba ẹ̀mí là

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ńlá, ẹjọ́ kan náà la máa ń gbọ́: «Aago ìkìlọ̀ dún, àwọn òṣìṣẹ́ ni kò ṣe nǹkan kan.» Àwa kò gbà.

Ẹ wo Milford Haven, ní ilẹ̀ Wales, lọ́jọ́ 24 oṣù keje ọdún 1994. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì níbẹ̀, aago ìkìlọ̀ 275 ló dún sí òṣìṣẹ́ méjì létí láàárín ìṣẹ́jú 11 tó kẹ́yìn, kí ibẹ̀ tó bú gbàù. Ènìyàn 26 fara pa. Ní Three Mile Island, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1979, aago tó lé ní 100 ló ń ké, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè pa àwọn tí kò ṣe pàtàkì lẹ́nu mọ́. Etí mélòó lènìyàn ní?

Àwa olùkọ́ mọ̀ ọ́n. Tíṣà tó ń jágbe mọ́ ọmọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, lọ́jọ́ tí iná bá sọ, ta ni yóò ka igbe rẹ̀ sí? Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n. Akéde á lu agogo díẹ̀, á dákẹ́, á wá sọ̀rọ̀.

Àwọn kan á ní bí aago bá ṣe pọ̀ tó ni ààbò pọ̀ tó. Irọ́ ni! Kọ̀ǹpútà ti jẹ́ kó rọrùn láti máa fi aago kún aago. Ọ̀gá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń tọ́jú àwáwí de ọjọ́ ìjàǹbá ni.

Ohun tí a fẹ́ kò ṣòro. Aago tí kò bá ní kí òṣìṣẹ́ ṣe nǹkan kan, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kí ti ewu ńlá máa dún kíákíá ju ti ewu kékeré lọ, kí ohùn wọn má sì jọra. Kó borí ariwo ẹ̀rọ, àmọ́ kó má borí ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́.

Ilé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i ní Glo-Djigbé. Àwọn ọmọ tí à ń kọ́ lónìí ni yóò máa ṣọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ béèrè báyìí: aago yín ń sọ̀rọ̀ ni, àbí ó kàn ń pariwo?