Kì í Ṣe Àáké Wa Ló Mú Ayé Gbóná

Ẹ̀yin ará wa ní Niamey, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà tí mo fẹ́ tako lónìí. Bí ooru oṣù kẹrin bá ti mú, tí tẹrú tọmọ gbé ẹní síta nítorí pé inú ilé kò ṣe é sùn, ẹ ó gbọ́ pé: “Àwa la fọwọ́ fà á. Àwa la gé igi tán.” Wọ́n á wá tọ́ka sí obìnrin tó ń ra igi ìdáná lẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, bí ẹni pé òun ló tan iná sáyé lára.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú ayé gbóná ni èéfín èédú ilẹ̀, epo rọ̀bì àti gáàsì tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ti ń jó fún ohun tó lé ní 200 ọdún. Carbon dioxide inú èéfín náà ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ooru tó ń tú láti ilẹ̀ jáde tán. Kí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde, 280 péré ló jẹ́ nínú mílíọ̀nù kan ẹyọ afẹ́fẹ́. Ó ti ju 420 lọ báyìí. Igbó pípa run wà lára ohun tó fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n igbó kìjikìji bíi ti Amazon ni, kì í ṣe igi ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ wa. Ará Amẹ́ríkà kan ń tú carbon dioxide tó tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 14 sáfẹ́fẹ́ lọ́dún. Tọmọ Niger kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá tọ́ọ̀nù lọ. Epo Agadem tiwa náà ti ń gba inú ọ̀pá lọ sí Sèmè, ní Benin, láti ọdún 2024, èéfín rẹ̀ yóò sì kún tàwọn yòókù. N kò ní fi ìyẹn pamọ́.

Bó bá jẹ́ igi gígé ló fà á, kí la fẹ́ wí sí ti Maradi àti Zinder? Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti jáwọ́ nínú híhú kùkùté dànù. Wọ́n ń yan èyí tó dáa nínú ọ̀mùnú tó bá rú, wọ́n ń gé ìyókù, wọ́n sì ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Gao ni àyànfẹ́ wọn, igi tó ń wọ́wé nígbà òjò kí jéró lè rí oòrùn, tó sì ń rúwé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí màlúù ń wá ibòji. Igi padà sórí nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà. Síbẹ̀, lóṣù kẹrin ọdún 2024, ooru dé ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì 48.5 ní Kayes, ní Mali. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n ní irú ooru bẹ́ẹ̀ kò lè wáyé ká ní èèyàn kò tíì mú ayé gbóná.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe di ẹ̀bi ru àwọn darandaran nítorí ọ̀gbẹlẹ̀ àtijọ́, èyí tó mú kí Odò Ọya dáwọ́ ṣíṣàn dúró ní Niamey lọ́dún 1985. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó jáde lọ́dún 2003 fi hàn pé bí omi òkun ṣe gbóná sí ló ń darí òjò Sahel.

Ibi tí àáké ti lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn ni ọ̀rọ̀ omíyalé. Ilẹ̀ tó ṣófo máa ń le lójú, omi kò ní rí ibi rì sí. Omi pupa láti Sirba àti àwọn odò ìhà Burkina a sì ya wọ Niamey lóṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, ọ̀pọ̀ oṣù kí omi Guinea tó gba Mali dé. Ṣùgbọ́n ayé tó gbóná ń bù kún un: bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì kan gbóná sí i, á lè gbé omi tó fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, òjò á wá rọ̀ bí ẹni da á. Lọ́dún 2024, òjò àti omíyalé pa èèyàn tó lé ní 300 ní Niger, mọ́sálásí àtijọ́ Zinder wó lulẹ̀, wọ́n sì sún ìwọlé àwọn ọmọ ilé ìwé sí ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá.

Ẹ máa gbin igi, ẹ máa tọ́jú kùkùté, ilẹ̀ wa nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tiyín mọ́, nítorí ẹni tó bá ti gbà pé òun jẹ̀bi kò ní béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbi àpérò àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Sharm el-Sheikh, ní Íjíbítì, lóṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn tí àjálù yìí bá ṣe lọ́ṣẹ́. Ẹ̀tọ́ àwọn tí ilé amọ̀ wọn wó ní Lamordé àti Kirkissoye wà nínú àpò náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn aṣojú wa lọ béèrè rẹ̀ láìtijú.