Omi Lásán Kì Í Pa Iná Epo

Ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná jó ibi tí wọ́n ń kó epo kpayo sí ní Sèmè-Kraké. Ó kéré tán, èèyàn 34 ló bá a lọ. Síbẹ̀, bí iná bá sọ níbi tí wọ́n ti ń ta kpayo, korobá omi la ṣì ń sáré gbé. Epo fúyẹ́ ju omi lọ: á léfòó, á máa jó lọ sílé aládùúgbò.

Ìfófó ló ń bo epo mọ́lẹ̀ tí atẹ́gùn ò fi ní ráyè. Ẹnu rọ́bà tí ń tu ú, tí àwọn pọnpiyé ń pè ní láǹsì, ló ń fa atẹ́gùn mọ́ omi àti oògùn ìfófó. Wọn kì í fi agbára ta á sáàárín epo. Ògiri tàbí ilẹ̀ ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí, kó rọra ṣàn bò ó.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ ń gé ríbọ́nù nídìí ọkọ̀ pọnpiyé tuntun. Ó dáa. Oògùn ìfófó dà? Ta ló ń fi omi mímọ́ ṣan láǹsì lẹ́yìn ìlò, kí oògùn má bàa gan mọ́ ọn? Ta ló ń yọ asẹ́ rẹ̀ wò? Láǹsì tí ihò atẹ́gùn rẹ̀ dí, omi lásán ló máa tu.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó ọdọọdún. Ẹ dán an wò lójú wa. Ẹni tó bá fẹ́ ìbò wa, kó kọ́kọ́ dáhùn.