Àfín, Oòrùn àti Gíláàsì Dúdú

Ayé ìjọba ológun Ibrahim Babangida, lọ́dún 1991, ni òfin jáde ní Nàìjíríà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ onígíláàsì dúdú láìgba àṣẹ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ì báà ṣú fẹ́ẹ́rẹ́, ì báà dú bíi kóró iṣin, ọ̀kan náà ni lójú òfin. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦2,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ààbò àti ìlera ni ìdí tí wọ́n fi lè yọ̀ǹda rẹ̀ fúnni. Ti ààbò kò fara sin. Ẹ ṣáà wo mọ́tò àwọn òṣèlú. Ti ìlera ni kì í sábà jáde lẹ́nu èèyàn.

Bẹ́ẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ń gbé láàárín wa. Àfín kò ní ànító èròjà tí ń mú awọ dúdú, tó sì ń gbèjà rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ awọ fi ń tètè mú wọn, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń ta wọ́n lójú. Àwọn alárùn lúpọ́ọ̀sì náà ń bẹ, tí oòrùn lè ru àìsàn wọn sókè. Kí irú wọn há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ́sàn-án gangan, kí oòrùn máa gba fèrèsé wọlé bá wọn, ìyà ni.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ni gíláàsì dúdú tọ́ sí. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ jẹ́ ìpele méjì tí wọ́n fi ọ̀rá há láàárín, ó sì ń dí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìtànṣán tí ń ba awọ jẹ́. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kì í sábà ní ọ̀rá yìí. Ibẹ̀ ni ìtànṣán ti ń ráyè. Ojú ẹ̀dá kò rí ìtànṣán ọ̀hún, nítorí náà kò dìgbà tí gíláàsì bá ṣú kó tó dí i. Ọ̀rá kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tó mọ́ gaara, tó sì ń dí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ẹni tí awọ nìkan ń dà láàmú kò nílò òkùnkùn. Ẹni tí ojú ń ta ló nílò rẹ̀ díẹ̀.

Òfin 1991 kò mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí kò ní òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó gbọ́dọ̀ gba gíláàsì kọjá. Ní Bìrìtìkó, ó kéré tán, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba gíláàsì ẹ̀gbẹ́ iwájú kọjá. Ní ìpínlẹ̀ California l'Amẹ́ríkà, ìwé dókítà tó fi hàn pé oòrùn kò bá ènìyàn lára mu ti tó láti lo ìbòòrùn sí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lò ó tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Òfin tó lójú inú nìyẹn.

Lọ́dún 2025, ọ̀gá ọlọ́pàá, Káyọ̀dé Ẹgbẹ́tókun, gbé gbígba ìwé àṣẹ gíláàsì dúdú wá sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọlọ́pàá sún ọjọ́ ìmúṣẹ rẹ̀ síwájú léraléra, Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò Nàìjíríà sì gbé wọn lọ sí kóòtù. Níbi gbogbo àríyànjiyàn yẹn, owó àti agbára ọlọ́pàá ni wọ́n ń fà. Èmi kò gbọ́ kí wọ́n bi àfín léèrè.

Kí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ kọ òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ sínú òfin yìí, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìwé dókítà tó fún aláìsàn, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.